Àkókò Tí Ìrẹsì Orí Òkè Ń Tutù Yọ̀yọ̀

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí kò béèrè owó ọkọ̀ Èkó, mo máa ń fura sí i. Èmi Wúlẹ̀mọ̀tù ni mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ní Hyattsville nígbà náà, lójú títì Route 1, ohun méjì ni àwọn ará wa sì máa ń bá wá: Èkó nígbà Kérésìmesì, Mẹ́kà nígbà Hájì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Mááṣì ọdún 1997, ọkùnrin gíga kan wọlé, ó nu òjò kúrò lójú, ó sì bi ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé ibo ni èèyàn ti lè rí oko ìrẹsì tí wọ́n gbẹ́ sára òkè bí àtẹ̀gùn, àti pé oṣù wo ló dára jù láti lọ wò ó.

Asiyah ni orúkọ ọmọ náà. Ó ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, ó lẹ́wà, ó mọ iṣẹ́, ó sì máa ń dá ọkùnrin lóhùn bí ẹni ń dá ọlọ́pàá lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe kó tó dáhùn. Mo gbójú sílẹ̀, mo ń to ìwé tí mo ti tò tán.

"Ó pọ̀, sà," ni Asiyah wí. "Ó wà ní China, níbi tí wọ́n ń pè ní Yuanyang. Winter ni kí ẹ lọ síyẹn, torí omi ló máa ń kún inú ẹ̀, á máa dán bíi dígí. Ó wà ní Bali náà. Àwọn yẹn kì í gbìn ín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò lè lọ kẹ́ ẹ má rí green. Èyí tó wá ga jù lójú tèmi, Banaue ni, ní Philippines."

"Banaue yẹn ni," ni ọkùnrin náà wí. "Òun ló wà nínú kàlẹ́ńdà màmá mi."

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ṣítù ni orúkọ rẹ̀, sùpáfáísọ̀ ni nílé ìkẹ́rùsí kan ní Beltsville. Ìyá rẹ̀ ń gbin ìrẹsì lẹ́bàá Ọ̀fàdà láti ìgbà èwe. Ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì ló fún un ní kàlẹ́ńdà náà. Ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n ìyá kò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ lára ògiri. Ohun tó ń bi gbogbo èèyàn ni pé báwo ni omi ṣe ń gun òkè yẹn. Ṣítù fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí i, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì bá ìyá béèrè ìbéèrè náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

"Torí ìbéèrè màmá yín lẹ ṣe fẹ́ lọ síbi tó jìnnà tó yẹn?" ni Asiyah bi í.

"Wọn ò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi rí," ni Ṣítù dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Mo wà níjòókòó, mo rí i nígbà tó ń wọlé.

Ṣítù kò ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, torí Asiyah ní òun ṣì máa wádìí oṣù tó dára. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì láti béèrè bóyá ó ti wádìí. Ó tún padà wá láti béèrè irú bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè. Ó tún gbé kọfí wá, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Beltsville ló ti ń ṣiṣẹ́, Laurel ló ń gbé. Ẹ bá mi bi í, kí ló ń kọjá lọ ṣe ní Hyattsville?

Nígbà tó wá di dandan kí Asiyah dá a lóhùn, mo gbọ́ tó sọ pé, "September ló dára jù."

Mo gbé ojú sókè. Kò wò mí.

Ẹni tó bá ń ta ìrìn àjò mọ̀ pé oṣù Épírì àti Mèéì ni ìrẹsì Banaue máa ń tutù yọ̀yọ̀. Tó bá ti di ìparí Júùnù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kórè. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ẹrẹ̀ àti koríko ni èèyàn máa bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣítù kò fura rárá, torí pé lọ́dọ̀ wọn, ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ìrẹsì ń pọ́n, lápá Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọ̀kítóbà. Ó fi òjò ilé wọn ṣírò ti ilẹ̀ onílẹ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ.

"Asiyah, ta ló sọ September fún ẹ?" ni mo bi í.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bírò jọ. "Àǹtí, tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì April, kí ló tún máa wá ṣe níbí? Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀."

"Tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí."

Kò tún un ṣe. Àwọn oníhájì kún ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ò ráyè wo ẹ̀yìn. Kí n tó mọ̀, ìfẹ́ ti gbilẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á jọ rìn dé ibùdó Metro, wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ kan lọ, wọ́n á tún jẹ́ kí òmíràn lọ. Àṣàkẹ́, oríkì rẹ̀, ni Ṣítù fi ń pè é, inú ọmọ náà á sì máa dùn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ni.

Nígbà Iléyá, ó mú Ṣítù lọ kí bàbá rẹ̀ ní Riverdale. Alhaji Múfútáù ń wa Metrobus, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó gùn.

"Wọ́n ní o fẹ́ lọ wo ìrẹsì," ni Alhaji wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìrẹsì wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì Giant."

"Orí òkè ni èyí wà, sà."

Alhaji wo ọmọ rẹ̀, ó wo àlejò. "Ó dáa. Ẹni tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú bàálù, mi ò lè fún un lọ́mọ. Lọ, kí o bọ̀. Next year, tí ẹbí bá ti Ìbàdàn dé, a máa gba hall, a máa ṣe é bó ṣe yẹ."

Ó dun Asiyah, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó máa bínú sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sún ìrìn àjò síwájú tí gbogbo nǹkan fi sún síwájú.

Ìparí oṣù Mèéì ni ìyá Ṣítù dé láti Nàìjíríà, torí ojú rẹ̀ tó ń ṣókùnkùn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kejì, Ṣítù wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àṣàkẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni ká ṣe báyìí," ló wí. "Màmá ń bá mi lọ. Dókítà ní ojú yẹn ti bàjẹ́ kọjá ohun tí wọ́n lè tún ṣe. Ó ní kó tó di ìparí ọdún, wọ́n lè má ríran mọ́. Ṣùgbọ́n September ò jìnnà. A máa bá a."

Asiyah dìde. Ó tún jókòó. Mo rí i tí omi ń lé sí i lójú.

"Ṣítù, kì í ṣe September."

"Kí ni kì í ṣe September?"

"Ìrẹsì yẹn. Ó ti wà lórí òkè báyìí. Tí July bá fi máa parí, wọ́n á ti gé e tán. Ẹ ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ ní September. Mo mọ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Mo purọ́ fún ẹ, kí o má baà tètè lọ."

Ṣítù kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ojú màmá mi lo fi ṣeré," ó sì jáde.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Asiyah ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó bá wọn tọ́jú àyè méjì nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Manila, olú-ìlú Philippines, ní ìparí Júùnù. Ó wádìí bí ìyá ṣe lè tètè rí físà gbà. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Ṣítù lórí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. "Tí Màmá bá ti lè rí i, ó tó," ló sọ fún mi. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo fà á mọ́ra.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ṣítù ṣí ilẹ̀kùn, ó di ìyá àgbàlagbà kan lọ́wọ́ mú. Asiyah ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun kúnlẹ̀.

"Ṣé òun nìyí?" ni ìyá bi ọmọ rẹ̀. "Ẹ mú un wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà."

Asiyah lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ìyá sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó wò ó pẹ́.

"Ìwọ lo ní ìrẹsì ń bẹ ní September?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé ojú yín..."

"O ò mọ̀, lóòótọ́. Ó dùn mí, mi ò ní tàn ẹ́." Ìyá mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọmọ mi yìí ti wà ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ò purọ́ nítorí ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé kò ní rí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀."

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣítù kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Asiyah bí ẹni pé àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀.

"Mo bínú, mo ṣì ń bínú," ló wí. "Ká ní o sọ pé kí n dúró ni, ǹ bá dúró. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí pé o máa sọ pé rárá."

"Wá sọ ọ́ báyìí."

"Dúró tì mí, Ṣítù."

"Mi ò lè dúró mọ́, Màmá gbọ́dọ̀ lọ. Ìwọ ni kó o bá wa lọ, ayọ̀ mi."

Ọmọ Alhaji kò ní bá ọkùnrin tí kò tíì fẹ́ ẹ kọjá òkun, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo kó wọn sínú ọkọ̀ mi, ó di Riverdale. Ìyá Ṣítù ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun sọ̀rọ̀.

"Alhaji, mo wá tọrọ ọmọ yín. Ká ní mo ní ọdún kan lọ́wọ́ ni, ǹ bá ṣe é bí ẹ ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì yẹn ò ní dúró, ojú mi náà ò ní dúró."

"Ẹbí wa ní Ìbàdàn ńkọ́, Màmá?"

"Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Èmi náà á bẹ̀ wọ́n."

"Hall ńkọ́?"

"Hall tẹ́ ẹ bá gbà lọ́dún tó ń bọ̀, Alhaji, mi ò ní rí i."

Alhaji yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni pé o purọ́ fún un?"

"Òótọ́ ni, Daddy."

"Kí ló fà á?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀, Daddy. I didn't know how to say it."

Alhaji nu ojú rẹ̀. Mi ò rí i kó nu ojú rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. "Mo ní mi ò lè fún un lọ́mọ torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú bàálù," ló wí níkẹyìn. "Ó dáa. Kí ìwọ náà bá a wọlé síbẹ̀."

Wọ́n lọ gba ìwé ìgbéyàwó ní kóòtù Upper Marlboro, wọ́n sì so yìgì ní mọ́sáláṣí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará Ìbàdàn ń gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n ń ṣàmín láti ọ̀hún. Nígbà tí Lèmọ́mù bi ìyàwó ohun tó fẹ́ gbà ní sàdáàkì, wúrà ni gbogbo wa ń retí. Asiyah ní tíkẹ́ẹ̀tì Banaue ni. Lèmọ́mù ní òun ò tíì rí sàdáàkì tó ní nọ́ńbà ìjókòó rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Èmi ni mo tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà, mi ò jẹ́ kí ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, Asiyah ló sọ fún mi nígbà tí wọ́n dé. Láti Manila, bọ́ọ̀sì ló gbé wọn lọ sórí òkè. Ṣítù béèrè ọ̀rọ̀ omi lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan. Ẹni yẹn ní omi kì í gun òkè rárá, inú igbó tó wà lókè pátápátá ló ti ń ṣàn wálẹ̀ láti oko kan bọ́ sí èkejì. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń béèrè rẹ̀ ní òdìkejì láti ọjọ́ yìí wá.

Wọ́n wá dúró níbi tí àwọn àlejò ti ń wòran. Lójú ìyá, gbogbo rẹ̀ dà bí èéfín. Ó di ọwọ́ Asiyah mú, ó ní, "Sọ ohun tó wà níwájú mi fún mi. Ṣé wọ́n ti gé e?"

Asiyah ní ó ṣe òun bíi kí òun sọ pé rárá. Ta ló máa mọ̀? Ṣítù pàápàá ń wò ó bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ti gé apá òsì, Màmá," ló wí. "Ẹrẹ̀ ló kù síbẹ̀. Ká ní a wá ní April ni, ẹ̀ bá rí gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo fà á."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè ìyá.

"Apá ọ̀tún ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, Màmá. Ó tutù yọ̀yọ̀ títí dé ibi tí ìkùukùu wà."

"Ó dáa, ìyàwó mi," ni ìyá wí. "Yí mi síbẹ̀."