Sípíkà Apá Ọ̀tún

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Onísípíkà wà nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn aránṣọ kan tó wá rajà. Bó ṣe ń tajà nìyẹn: oníbàárà á jókòó, á gbọ́ orin, kò sì ní fojú kan sípíkà kankan títí á fi yan èyí tó wù ú.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn aṣọ yẹn, ṣé ẹ ò ní jáde ni? Àbí mo dẹ́rù bà yín?"

Ó jáde. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn obìnrin náà, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ Onísípíkà lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

"Bàámi ni mo fẹ́ ra sípíkà fún," ni aránṣọ wí. "Màámi kọrin sínú síìdì kan kí wọ́n tó kú. Bàámi ní àwọn ò gbọ́ ohùn wọn dáadáa mọ́, pé sípíkà wa ti bàjẹ́."

Onísípíkà fi orin kan náà dán oríṣi mẹ́ta wò fún un. Aránṣọ di ojú, ó ní, "Èyí ni! Bíi pé ẹni tó ń kọrin jókòó tì mí." Nígbà tí wọ́n ká kọ́tìnnì, àwọn sípíkà tó kéré jù ló yàn. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì.

Onísípíkà gbé e délé fún wọn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá tún wáyà tí kò bàjẹ́ ṣe, títí aránṣọ fi ń pè é ní olólùfẹ́ mi.

Ṣùgbọ́n Bàbá yarí. "Mi ò gbọ́ ìyàwó mi nínú nǹkan kékeré yìí! Ẹni tó fi èyí tan ọmọ mi, ṣé òun ni màá fún lọ́mọ?"

"Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, gbé èyí tó tóbi wá fún wọn," ni aránṣọ bẹ̀bẹ̀.

Onísípíkà gbé méjì tó ga tó àyà ènìyàn wá. Pálọ̀ kékeré náà mì tìtì, ife ń jó lórí tábìlì. Bàbá ṣì ń mi orí. Inú Onísípíkà bàjẹ́. Ó rí i pé aránṣọ ti fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ó tẹ̀ síwájú láti tọrọ gáfárà. Apá òsì Bàbá ni ó dúró sí, Bàbá kò dáhùn. Ó bọ́ sí apá ọ̀tún, Bàbá ní, "Kí lo wí?"

Ó yé e wàyí. Apá òsì ni ohùn ìyàwó Bàbá wà nínú orin náà. Nígbà tí aránṣọ wọ ilé ìdáná, ó dá àwọn sípíkà kékeré padà sí àyè wọn, ó sì ki wáyà òsì bọ ojú ọ̀tún, ó ki ti ọ̀tún bọ ojú òsì, kí ohùn náà lè jáde lápá ọ̀tún.

Orin bẹ̀rẹ̀. Bàbá di apá àga mú. "Òun nìyẹn," ó wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo Onísípíkà. "O ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀, sà."

"Má sọ fún un. Bó bá gbọ́ pé etí mi kan ti kú, á ní òun ò lè fi mí sílẹ̀ lọ sílé ọkọ."

"Mi ò ní sọ, sà."

Aránṣọ sáré wọlé. "Kí lẹ ṣe sí i?"

"Wáyà ló nílò àtúntò," ni Onísípíkà dáhùn.

"Ní kí àwọn òbí rẹ máa bọ̀," ni Bàbá wí fún un.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn dùn gan-an. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n máa lọ, ìyàwó jókòó ti bàbá rẹ̀ lápá òsì, ó rọra sọ ọ́ sí i létí pé, "Bàámi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ tọ́ mi. Mo nífẹ̀ẹ́ yín."

Bàbá kò wí nǹkan kan. Ojú ìyàwó fà ro. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ti ṣèlérí.

Bàbá yíjú, ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́. "Bọ́ sápá ọ̀tún, ọmọ mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí apá ibí kò ti gbọ́ mọ́. Ọkọ rẹ mọ̀, èmi ni mo ní kó má sọ."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ títí, kò bínú. Ó dìde, ó yí àga ká, ó sì tún un sọ.

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Máa lọ."