Ọ̀já Tí Wọ́n Fi Di Ojú Ẹṣin

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Ilé náà wà níbẹ̀ lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn Ẹ̀sà-Òkè, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì wà láàyè. Ẹni tó bá láyà kí ó lọ. Ní tèmi o, n kò tún gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Julianah ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ìyàwó Silas Akínladé ni, òun sì ni ìyá Mọpẹ́olúwa. Silas jogún oko kòkó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n orí òkè pátápátá ni oko náà wà, ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n fi ń kó kòkó sọ̀kalẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kadà yọ̀ lórí àpáta, àpò kòkó méjì sì wó lé Silas níbàdí. Kò lè gbé ẹrù wúwo mọ́ láti ìgbà náà. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí ló ti ń wo fídíò lórí fóònù, ibẹ̀ ló sì ti rí ìbaaka.

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni bàbá rẹ̀, ẹṣin ni ìyá rẹ̀," ó sọ fún Julianah. "Á ga bí ẹṣin, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì le bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Òkè kò ní í rẹ̀ ẹ́."

"Òun náà ńkọ́, ṣé ó máa ń bímọ?"

"Rárá. Ìbaaka kì í bímọ."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀yin àti wàhálà yín, Bàbá Mọpẹ́."

Wọ́n ra abo ẹṣin Bọ̀ǹnú kan, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya. Ẹṣin tó rẹwà ni, mo rí i. Ara rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ funfun láti iwájú orí dé imú, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Bọ̀dá Mùíbì ló bá wọn mú un wá, òun àti akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ aláwọ̀ eérú kan. Ọmọ Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni Mùíbì, inú ìdílé tó ń tọ́jú ẹṣin ni wọ́n bí i sí, ó sì ní ilé ẹṣin tirẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ó fẹ́ràn àwàdà. Ó ní òun wá ṣe alárinà ìyàwó.

Ìyàwó kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sún mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ta á nípàá. Mùíbì gbẹ́ kòtò díẹ̀ kí abo ẹṣin lè dúró sí ìsàlẹ̀, torí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò ga tó o. Síbẹ̀, kò gbà.

"Ó ń rí i ni," Mùíbì wí. "Ó mọ̀ pé kì í ṣe irú òun. Ẹ jẹ́ ká dì í lójú. Ẹ bá mi wá aṣọ gígùn, aṣọ tó rọ̀."

Julianah ló wà nítòsí. Mọpẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún méjì tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Rédíò. Julianah sọ ọmọ kalẹ̀, ó tú ọ̀já, ó nà án sí Mùíbì.

Mùíbì kò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ìyá Mọpẹ́, ọ̀já ọmọ nìyẹn."

"Aṣọ náà ni. Mo máa fọ̀ ọ́."

Ká ní ìyá Silas wà láàyè ni, igbe tí ì bá ké á dé Iléṣà. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà kankan níbẹ̀. Silas ní kí wọ́n yára. Mùíbì bá fi ọ̀já di ojú ẹṣin, ó ta á ní kókó lẹ́yìn etí.

Ẹṣin náà gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Mọpẹ́ rìn lọ síwájú rẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tirẹ̀, ẹṣin sì tẹ orí ba sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò mira rárá títí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fi gùn ún tán. Inú gbogbo wọn dùn. Julianah fọ ọ̀já ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó sì tún fi pọn ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Oṣù méjìlá kọjá. Kò sí aburú kankan. Ẹṣin lóyún, Mọpẹ́ ń dàgbà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin. Òun fúnra rẹ̀ ló ń hun àwọn orin náà. Èyí tó fẹ́ràn jù lọ ni: "Adìẹ wọlé, ó gbàgbé bàtà." Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ ọ́ nínú ayé yìí.

Ọ̀sán gangan ni ẹṣin bí. Julianah ń ro ọkà nínú ilé ìdáná. Mọpẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń kọrin. Oòrùn mú. Àwọn kòkòrò ń dún nínú koríko.

Lójijì, wọ́n dákẹ́. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Adìẹ wọlé, ó gbàgbé..."

Orin náà dúró síbẹ̀. Julianah bojú wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo ọ̀nà ilé ẹṣin. Kò pa ẹnu náà dé. Láti ẹ̀yìn ilé, Silas ké tayọ̀tayọ̀: "Ó ti bí! Julianah, ó ti bí!"

Láti ọjọ́ náà, Mọpẹ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Dókítà yẹ etí wò, ó yẹ ọ̀fun wò. Ó ní ọmọ náà ń gbọ́ràn, kò sí àìsàn kan lára rẹ̀, kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ń jẹun, ó ń rìn. Ó kàn dákẹ́ ni. Bó bá ṣubú, kì í sunkún. Ní ọ̀sán kan, Julianah wọ yàrá láti wò ó lórí ibùsùn. Kò sí níbẹ̀. Ó wà ní igun yàrá, ó dojú kọ ògiri, ojú rẹ̀ ti pa dé. Ó ń sùn. Ìdúró ló wà.

Julianah rọra gbé e padà sórí ibùsùn. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Kí ni ì bá sọ?

Inú Silas ń dùn ní tirẹ̀. Ọmọ ìbaaka náà yọrí. Ó ní ojú funfun ìyá rẹ̀ àti etí gígùn bàbá rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti Ẹ̀sà-Òkè láti yà á ní fọ́tò. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kò ké rí. Kì í dún bí ẹṣin, kì í dún bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà tí Julianah bá ń kọjá, á yí etí méjèèjì sí i, á sì máa wò ó. Ìwò tí ọmọ ń wo ìyá rẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa á ni.

Ó di ọjọ́ kan, Julianah gbé omi lọ sí àkámọ́ àwọn ẹran. Kò sí ènìyàn. Kò sí afẹ́fẹ́. Ó gbé garawa kalẹ̀, ó kẹ̀yìn sí àkámọ́.

"Bàtà."

Ó dúró. Kò yíjú padà. Ohùn kékeré ni. Ó mọ ohùn náà. Ta ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n ju òun lọ?

"Bàtà," ohùn náà tún wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń parí orin.

Julianah sáré. Ó gbàgbé garawa, ó sáré wọ inú ilé, ó gbá Mọpẹ́ mọ́ra. Ọmọ náà ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń jẹ nǹkan, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹnu náà.

"Bàbá Mọpẹ́, ẹ gbé ẹran yẹn kúrò nílé yìí," ó wí nígbà tí Silas dé.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ó ti gba ohùn ọmọ mi."

Silas fa ìjókòó fún un. "Julianah, o kì í sùn dáadáa mọ́. Sinmi."

"Ẹ gbé e kúrò, mo bẹ̀ yín! Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí."

Silas kọ̀. Wọ́n kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, Silas lọ fún àwọn ẹran lóúnjẹ lọ́sàn-án. Ó pẹ́ kó tó wọlé. Nígbà tó wọlé, ó jókòó sórí ìjókòó, gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ tutù fún omi tó dà sí i lára. 

"Pe Mùíbì," ó ní.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Mo ní kí o pe Mùíbì."

Títí di òní, kò sọ ohun tó gbọ́.

Mùíbì dé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ìbaaka náà ti pé oṣù márùn-ún, ó ti ń jẹ koríko, ó lè kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò jà. Òun fúnra rẹ̀ ló gun ọkọ̀. Mùíbì ń ṣàwàdà, ó ní irú ìbaaka tó ń lọ sílé ọkọ láìsunkún rèé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó fi okùn dè é, ó wakọ̀ lọ sí Ọ̀fàtẹ̀dó.

Julianah gbé Mọpẹ́ jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ó ń retí. Ó dá a lójú pé bí ọkọ̀ náà bá ti jìnnà tó, ẹnu ọmọ òun á là. Ó ń wo ètè rẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀. "Mọpẹ́, pè mí. Pè mí, ọmọ mi. Sọ pé Màámi."

Nǹkan kan kò dún. Ọwọ́ ọmọ náà ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀.

Wákàtí kan kọjá. Fóònù dún. Mùíbì ni.

"Ìyá Mọpẹ́." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Kò sí àwàdà níbẹ̀ mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Mọpẹ́ wà?"

"Ó wà lẹ́sẹ̀ mi níbí."

"Ó dá yín lójú?"

"Bọ̀dá Mùíbì, kí ló dé?"

"Mo ti kọjá Ìbòkun. Mo ti páàkì ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Wàláì, n kò lè sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ fúnra yín."

Ó gbé fóònù sí ojú fèrèsé. Julianah gbọ́ ariwo ọkọ̀ kan tó ń kọjá. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹkún.

"Màámi! Màámi, ẹ wá gbé mi! Màámi o!"

Oṣù márùn-ún. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi ń retí ohùn yẹn. Gbogbo ara rẹ̀ dìde sí i. Silas ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó ń mi orí, ó ń fi ọwọ́ ṣe àmì sí i pé kò gbọ́dọ̀ dáhùn.

"Kí n yí padà ni, àbí kí n máa lọ?" Mùíbì béèrè. "Ẹ tètè sọ, Ìyá Mọpẹ́."

Ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gbé ojú sókè. Ó di ọwọ́ Julianah mú ṣinṣin, ìka márààrún. Ó ń wò ó. Ó mi orí díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Rárá.

Nínú fóònù, ẹkún náà ń le sí i. "Màámi!"

"Ẹ mú un bọ̀," Julianah ké. "Bọ̀dá Mùíbì, ẹ bá mi mú ọmọ mi bọ̀!"

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó bojú wolẹ̀. Ìka ọmọ náà ti ń jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rọra sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó lọ jókòó sí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó sì kẹ̀yìn sí i.