Tíńtín Ya Àbúrò Rẹ̀ ní Fọ́tò

Lónìí, inú Tíńtín ń dùn. Àbúrò rẹ̀ ti dé láti ilé ìwòsàn!

Tíńtín kọ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an. Torí pé ó kéré ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ tún kéré jù ú lọ. Tín-ín-tín!

Ara àbúrò kò kọ́kọ́ yá. Ó ti wá yá báyìí.

Kíríń! Kíríń! Màmá Àgbà ló ń pè. Ibi tí wọ́n wà jìnnà.

"Ṣé lóòótọ́ lara ọmọ ti yá? Ẹ ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi, àbí? Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀."

"Màá yà á ní fọ́tò fún yín, Màmá Àgbà!" ni Tíńtín wí.

Ìyá gbé ọmọ dání. Ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Tíńtín gbé fóònù sókè.

Kẹ́ṣẹ́! Fọ́tò ti lọ.

Kíríń! "Ojú ọmọ dà? Ó dúdú bí ìdí ìkòkò!"

Bàbá tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn. Tíńtín dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún.

Kẹ́ṣẹ́! Fọ́tò ti lọ.

Kíríń! "Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo rí! Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti bàtà. Ọmọ dà?" Ohùn Màmá Àgbà ń gbọ̀n.

Omi lé ròrò sójú Tíńtín.

Ó rìn yí àbúrò rẹ̀ ká. Níhìn-ín, òjìji. Lọ́hùn-ún, òjìji. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé... háà! Ojú ọmọ ń dán!

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọjú sí fèrèsé."

Oòrùn tàn sí ọmọ lójú. Ó dijú pinpin.

"Ìyá mi, ẹ rọra fa aṣọ bo fèrèsé."

Aṣọ náà fẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọmọ lajú.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì, kúrò níbẹ̀! Bàtà, ó yá, bọ́ síta!

Tíńtín kúnlẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn. Ojú ọmọ kún inú fóònù.

Àbúrò yán. Hàáà!

Kẹ́ṣẹ́!

Wọ́n dúró. Wọ́n ń retí.

Kíríń! Tíńtín gbé fóònù kíá.

"Màmá Àgbà? Ṣé bọ́kẹ́ẹ̀tì tún ni?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mo rí i kedere! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ẹ wo bó ṣe yanu bí ẹni tó fẹ́ gbé mi mì!"

Màmá Àgbà mí kanlẹ̀. Fúùù! "Ọkàn mi ti balẹ̀ wàyí."

Bàbá mí kanlẹ̀. Fúùù! Ìyá mí kanlẹ̀. Fúùù!

Àbúrò ńkọ́? Hàtíṣín!

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Tíńtín ló ròkè jù.