Ọkùnrin Tí Kò Gbé Ẹnìkejì Rẹ̀ Sílẹ̀ Ní Àsìkò

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì, ọdún 2012, ọmọ mi Rodion kú ní ilé ìwòsàn ní ìlú Perm. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó pa á. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni.

N kò kọ ìwé yìí kí ẹnikẹ́ni lè bá mi sunkún. Ẹkún mi tó mi. Mo kọ ọ́ nítorí pé ọ̀nà tí Rodion ń tọ̀ kí ó tó mọ Olúwa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń sáré.

Ijó orí yìnyín ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ó ń jó o pọ̀, pẹ̀lú bàtà tí irin mímú wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe ti àwọn tí ń fò sókè tí ń yí bí òkòtó. Nínú ijó tirẹ̀, ohun tí àwọn adájọ́ ń wò ni bí ẹni méjì ṣe lè di ọ̀kan. Ẹsẹ̀ Rodion mọ èyí. Ọkàn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọkùnrin kan bá fẹ́ jó ijó yìí, ogunlọ́gọ̀ ọmọbìnrin ni ó ń dúró dè é. Ọmọbìnrin tí kò bá rí ọkùnrin bá jó, ilé ni yóò padà sí, bó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n jó tó. Nítorí náà àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí máa ń bàjẹ́ láti kékeré. Ìyá àwọn ọmọbìnrin á gbé oúnjẹ wá fún wọn, bàbá wọn á ra bàtà fún wọn, gbogbo ènìyàn á máa pọ́n wọn lé.

Rodion lé ẹni tó kọ́kọ́ bá a jó, ó ní ó lọ́ra. Ó lé èkejì, ó ní ẹkún rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo bá a wí, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ọmọge kò wọ́n. Bí ọ̀kan bá lọ láàárọ̀, òmíràn á ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mu tíì mi tán."

Ẹ̀kẹta ni Milena. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó le bí igi. Ó fara da ẹnu Rodion, ó fara da ọtí rẹ̀. Síbẹ̀, ọdún dé, ọdún lọ, ipò kẹrin ni wọ́n ń gbà ní ìdíje orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń rán lọ sí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Baba Ìkẹrin.

"Baba Ìkẹrin, ẹ kú àárọ̀ o! Ẹ bá wa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Àbí inú ẹẹ́rin ni tiyín ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Inú bí i. Adájọ́ ni ó ń dá lẹ́bi. Ó dá orin lẹ́bi, ó dá ẹni tó pọ́n irin bàtà rẹ̀ lẹ́bi. Lálẹ́ á mu ọtí fódíkà, bí ilẹ̀ bá mọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Milena.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Tikhon, tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà nílé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá. Tikhon náà ti jó rí, ó ti mutí rí, Olúwa sì ti gbà á. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní pápá yìnyín kan náà. Kì í dákẹ́ fún Rodion.

"Rodion, ọkàn rẹ ńkọ́?"

"Pásítọ̀, ó wà níbi tí mo gbé e sí. Ṣé o fẹ́ yá a ni?"

"Ìwọ lo gbé e sí ọwọ́ ẹni tí kò ní dá a padà."

"Hẹn-ẹn. Jẹ́ kí n gba wúrà ná, màá wá wo ọ̀rọ̀ Jésù rẹ yẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí. Bí a bá sọ̀rọ̀ títí, bí ẹni ń da omi sẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ ni. Mo mọ̀, nítorí èmi náà ń da tèmi.

Lọ́dún tí wọ́n wá dé ipò kẹta nílé, a rán wọn lọ sí ìdíje Yúróòpù. Lẹ́yìn ijó àkọ́kọ́, ipò kẹta ni wọ́n wà. Ijó kan ṣoṣo ló kù.

Nínú ijó yìí, ọkùnrin a máa gbé obìnrin sókè, ṣùgbọ́n òfin ti fi ààlà sí bí yóò ti pẹ́ tó lókè. Bí ó bá kọjá ààlà, wọ́n á yọ máàkì kan. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàtà mọ̀ ọ́n. Zinaida Arkadyevna, olùkọ́ wọn àgbà, ti lù ú sí wọn létí títí ohùn rẹ̀ fi há.

Rodion gbé Milena sókè nígbà tí orin fẹ́ parí. Ó ń yí, ó ń yí. Àwọn èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó. Ojú wọn ni Rodion ń wò.

"Ó tó," Milena sọ sí i létí. "Rodion, ó ti tó. Gbé mi sílẹ̀."

Ó tún yí i ká.

"Gbé mi sílẹ̀! Wọ́n ń kà á!"

Ó tún rẹ́rìn-ín sí àwọn èrò, ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ó máa fi gbé e sílẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n yọ máàkì náà. Ohun tí ẹgbẹ́ tó gba ipò kẹta fi jù wọ́n lọ kò tó máàkì kan. Ìkẹrin.

Wọ́n jókòó sórí àga tí àwọn oníjó ti ń dúró de èsì. Akọ̀ròyìn tẹlifíṣọ̀n kan na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Rodion lẹ́nu, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Milena ti sanra," ni ọmọ mi wí. "Ó wúwo lọ́wọ́ mi, n kò rí i gbé sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí ni kí n ṣe?"

Gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Milena jókòó sí, òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa tẹlifíṣọ̀n ilé mi.

Milena kò bá a jó mọ́. Ta ni yóò mú ọmọbìnrin tí wọ́n ti pè ní ẹni wíwúwo lójú ayé? Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Kirov, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń dìde bí wọ́n bá ṣubú. Rodion ní, "Ó ṣeun tó lọ," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀kẹrin.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò rọrùn. Àwọn ìyá ọmọ ti gbọ́. Ọ̀kan sọ fún un níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Ọmọ mi á kúkú máa ta búrẹ́dì." Ó padà sílé, ó mutí. Tikhon wá, Rodion tì í síta.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan láti abúlé gbà láti wá dán ara wọn wò. Ustinya ni orúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Rodion dé láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú òórùn ọtí àná lẹ́nu. Zinaida Arkadyevna wò ó, ó ní kí wọ́n fi gbígbé sókè sílẹ̀ dọ̀la. Ó kọ̀. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Ó gbé ọmọ náà sókè, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀ lórí yìnyín. A gbọ́ ìró egungun èjìká rẹ̀ dé orí àga àwọn òǹwòran.

"Yìnyín yìí rọ̀ jù," ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Rodion.

"Orí rẹ̀ ni mo dúró sí yìí," Zinaida Arkadyevna dá a lóhùn. "Kò rọ̀. Kó bàtà rẹ, kí n má rí ọ níbí mọ́."

Tikhon bá a nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Rodion ń já okùn bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

"Má wàásù fún mi o, Tikhon. Má dán an wò."

"N kò ní wàásù. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Adájọ́ ni, orin ni, Milena ni, yìnyín ni. Ọjọ́ wo ni yóò jẹ́ Rodion?"

"Jáde!"

"Mo ń lọ wo ọmọ náà. Ṣé wàá bá mi lọ, àbí o fẹ́ kí wọ́n tún bá ọ gbé ìyẹn náà?"

N kò mọ ohun tó mú un dìde. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ lé e.

Ustinya wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi báńdéèjì di apá rẹ̀ mọ́ àyà. Nígbà tí ó rí Rodion, ó gbìyànjú láti jókòó dáadáa bí ọmọ tí olùkọ́ wọlé bá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀bi mi ni. Mo rò pé mo ti fúyẹ́ tó."

"Kí lo ń sọ?"

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ẹ̀gbọ́n Milena lórí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò fẹ́ wúwo lọ́wọ́ yín. Láti ìjẹta, èso ápù nìkan ni mo ń jẹ. Ó jọ pé kò tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. Bí apá mi bá jinná, màá tún dín in kù."

Rodion dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Irọ́ tó pa láti fi bo ìgbéraga ara rẹ̀ ti rìn jìnnà, ó ti wọ inú ilé kan ní abúlé tí kò mọ̀ rí, ó sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

Ó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì sunkún. Tikhon jókòó tì í.

"N kò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi mọ́," Rodion wí.

"Ó dára. Ibẹ̀ ni Jésù ti ń dúró dè ọ́ láti ọjọ́ yìí."

"Ṣé ó lè gba irú èmi?"

"Ó gba olè tó ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí igi. Olè yẹn kò ní ohun kan tó lè fi tọrọ àánú. Àwíjàre nìkan ló fi sílẹ̀. Fi tìrẹ náà sílẹ̀."

Níbẹ̀, bí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọjá, ọmọ mi gbàdúrà. Tikhon sọ fún mi pé àdúrà náà kò gùn. Ó ní, "Olúwa, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi." Lẹ́yìn náà ó padà sínú yàrá, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọdébìnrin náà, ó sì sọ òtítọ́ fún un. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un. Ó dúró títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Má ṣe rò pé gbogbo nǹkan wá dán láti ọjọ́ náà. Ọlọ́run a máa dárí jì lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ènìyàn kì í yára bẹ́ẹ̀. Rodion jẹ́wọ́ ní pápá yìnyín níwájú gbogbo wọn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Ó wá akọ̀ròyìn náà lọ kí ó lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni yẹn ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ yẹn ti kan. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ mọ́?" Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kirov. Milena gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí ó wọlé.

"O ti rí Jésù, o sì ti fúyẹ́," ó wí. "Èmi ńkọ́? Ta ni yóò dá ijó mi padà fún mi?"

Rodion ní, "Òótọ́ lo sọ." Ó padà wálé. Kò mutí lọ́jọ́ yẹn. Kò sì mu ún mọ́ títí ó fi kú.

Zinaida Arkadyevna gbà á padà kí ó máa ran Tikhon lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún ni ó fi ń di àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ mú lórí yìnyín. Nígbà náà ni àrùn dé. Nígbà tí ó kù díẹ̀, Milena wá láti Kirov láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wo apá ọmọ mi tó ti rù kan egungun.

"Wò ó bó o ṣe rí," ó wí. "Bó bá di òní, èmi ni màá gbé ọ sókè."

Rodion rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Milena di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní òun ti dárí jì í, ó ti pẹ́ díẹ̀, inú ló ń bí òun tí òun kò fi sọ ọ́.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ta ni o ń dá lẹ́bi? Ọ̀gá rẹ ni? Aya rẹ ni? Àwọn ará ilé bàbá rẹ ni? Wọ́n lè ti ṣẹ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí o bá dúró níwájú Ọlọ́run, ẹ̀ṣẹ̀ wọn kọ́ ni yóò bi ọ́ léèrè. Tìrẹ ni.

O ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá tẹ ohun tí o ń lé. Ọ̀rọ̀ ọ̀la yìí ti sú mi. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi fún ọdún púpọ̀, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aládùúgbò mi títí di àárọ̀ yìí. Rodion rí ọdún márùn-ún gbà lẹ́yìn tí ó yípadà. Ta ni ó ṣèlérí márùn-ún fún ọ? Dákẹ́ àwíjàre. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, kí o sì sọ fún Jésù pé ìwọ ni. Ó ti san gbèsè náà lórí àgbélébùú. Kò ní tì ọ́ dànù. Ṣe é lónìí.

Mo ti palẹ̀ yàrá ọmọ mi mọ́. Ohun tí ó fi sílẹ̀ nìyí:

Ẹ̀wù òtútù kan, bọ́tìnnì kan ti já lára rẹ̀.

Ìgò olú oníyọ̀ kan, ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àti òwú, tí ó fi ń rán ìbọ̀wọ́ àwọn ọmọdé.

Bíbélì tí ó rà ní àlòkù, orúkọ ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀.

Kò sí àmì ẹ̀yẹ kankan.

Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ṣì ń béèrè ìgbà tí yóò dé.

Àyè kan lórí bẹ́ǹṣì kẹta ní ilé àdúrà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò tíì sí ẹni tó jókòó síbẹ̀.