Búrẹ́dì Tí Ìyá Ò Rí Pa Rẹ́

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Aránṣọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ rárá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Oníwáyà, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ńṣe ló gbé fóònù síwájú rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

"Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ti ẹnu mi pa."

Oníwáyà wò ó. Fóònù ò ṣàìsàn. Ojú ewé rẹ̀ lórí ìkànnì ńlá tí gbogbo ayé ń lò ni wọ́n tì.

"Kí lẹ kọ?"

"Búrẹ́dì ni mo rà. Mo ní ó le débi pé òun ni mo gbé lé aṣọ kí n tó gé e, atẹ́gùn ò sì lè gbé aṣọ náà. Ni oníbúrẹ́dì bá kó èèyàn jọ, wọ́n fẹjọ́ mi sùn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè."

Ó fi àwòrán búrẹ́dì náà hàn án. Oníwáyà rí orúkọ tó wà lára ọ̀rá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló ṣe búrẹ́dì ọ̀hún. Ó yẹ kó sọ, àmọ́ kò sọ. Ẹ̀rín ọkùnrin náà ti wọ Aránṣọ lára, òun náà sì ti rí i pé ó wọ̀ ọ́.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ló ní. "Ibi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀, ilé ẹnì kan ni. Bí inú bá bí i, á tì yín síta. Ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ ò ní baálé. Ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ tíṣà kan, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan lókè odò. Gbogbo wọn ló máa tọ́jú ohun tẹ́ ẹ bá kọ. Bí ẹnì kan bá kọ̀ ọ́, àwọn yòókù á gbà á."

"Ta ló wá lè pa á rẹ́?"

"Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ méjìlá ni. Ẹ kọ wọ́n sí bébà, ẹ fi pamọ́. Bí wọ́n bá sọ nù, èmi gan-an ò lè bá yín wá wọn."

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló kọ́kọ́ tún gbé síbẹ̀. Ẹnu Abẹ́rẹ́ lorúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, bó ṣe ń jẹ́ ẹ níbi àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, "ẹ" ti di "o", "o" sì ti di "olólùfẹ́ mi". Aránṣọ rán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún un, ó rán ẹ̀dà bébà ọ̀rọ̀ méjìlá náà mọ́ inú kọ́là rẹ̀.

"Mo rán ẹnu mi mọ́ ọ lọ́rùn," ló ní. "Tọ́jú ẹ̀ fún mi."

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́jọ́ tí Oníwáyà mú un lọ sílé, inú Màmá Oníbúrẹ́dì dùn, ó fà á mọ́ra. Àbúrò màmá, tó rí àwòrán Aránṣọ lórí fóònù rẹ̀, ló gbé ojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ dì mọ́ yìí? Ẹnu Abẹ́rẹ́ nìyí."

Ọwọ́ màmá já bọ́. "Ìwọ lo pe búrẹ́dì mi ní òkúta?"

"N ò pè é lókùúta, mà. Mo ní ó wúlò."

Lẹ́yìn náà ni Aránṣọ yíjú sí Oníwáyà. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O fún mi lẹ́nu, o wá gbé tìrẹ mì." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Màmá na ìka sí ọmọ rẹ̀. "Pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, n ò ní fọwọ́ sí ìgbéyàwó kankan."

"Màmá, n ò lè ṣe é. Bí mo bá pa tiẹ̀ rẹ́ nítorí yín, lọ́la ẹlòmíì á ní kí n pa tiyín rẹ́."

"Kò sí ọ̀nà kankan?"

Ọwọ́ Oníwáyà lọ sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ọ̀nà kan wà. Kì í ṣe tèmi."

"Iná ilé búrẹ́dì mi kọ́ ni ẹ̀rọ rẹ ń lò?"

Òótọ́ ni. Inú yàrá ìyẹ̀fun ni ẹ̀rọ náà wà. Màmá wọlé, ó fa wáyà yọ. Ẹ̀rọ dákẹ́ fẹ́mú.

"Ó parí," màmá ní. Ó gba fóònù àbúrò rẹ̀. Àwòrán búrẹ́dì ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó sórí aṣọ bí ọba lórí ìtẹ́.

"Ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì ló ń gbé e wá," Oníwáyà ní, ó sì fọgbọ́n jáde.

Màmá ò dá fóònù padà. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọbìnrin yìí tún sọ nípa òun, ló bá ń kà á lọ látọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ó bá èyí pàdé: "Ẹnì kan dá ẹnu mi padà fún mi lónìí. N ò mọ ìyá rẹ̀, àmọ́ ẹni tó kọ́ ọ lọ́mọ ò fi iṣẹ́ ṣeré."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bí mo bá rí ti búrẹ́dì yẹn pa rẹ́, ṣé èyí ì bá wà?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fa wáyà?" àbúrò rẹ̀ ní. "Gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ pa."

Màmá dìde, ó gé búrẹ́dì àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Ó le díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀?"

Ó pe ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ní kó ki wáyà bọlé, kó sì fún òun ní kọ́kọ́rọ́ tòun. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà: "Èmi ni mo ṣe búrẹ́dì yìí. Òótọ́ lo sọ. Wá jẹ tuntun láàárọ̀ Sátidé. Ọmọ mi náà á wà níbẹ̀, bó o bá ṣì fẹ́ rí i."

Aránṣọ dé láàárọ̀ Sátidé. Ìbẹ̀rù ló mú wá: ọkùnrin yìí ní kọ́kọ́rọ́ òun lọ́rùn, ìyá rẹ̀ sì lè ti dà á láàmú títí ó fi tú u. Kò kí Oníwáyà. Ó yí kọ́là rẹ̀ padà, ó ń fi ìka tọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn rẹ̀ ni, bó ṣe rán an ló wà. Kò já, kò tú.

"O ò tú u."

"Ẹnu ẹ kọ́ ni? Tèmi ló yẹ kí n là. Mo ṣẹ̀ ọ́."

"O ṣẹ̀ mí." Ó ṣì di kọ́là mú. "O ò sì fọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí."

"Omi lè ba bébà jẹ́."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí ìbínú sì bá ẹ̀rín lọ. Màmá gbé búrẹ́dì gbígbóná dé, ó rọ̀ bí òwú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun mú ọ̀rọ̀ òkúta yẹn kúrò, kí ojú má ti ìyá ọkọ òun. Màmá rọra gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe rí ọ, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á."