Ohùn Tí Wọ́n Fi Ń Dán Hẹ́dífóònù Wò

Ọjọ́ tí Nusaybah kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Sufyan ní Tanke, hẹ́dífóònù tó wọ́n jù níbẹ̀ ló nawọ́ sí. Sufyan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sórí pẹpẹ.

"Ẹ má ra èyí," ó ní. "Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?"

Ẹnu ya Nusaybah. Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa gba ohùn àwọn alfa sílẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe wàásí, kí òun sì tún un ṣe kó tó dé etí aráyé.

"Ẹ̀yìn èyí ṣí," Sufyan ní, ó yí i padà kó lè rí àwọ̀n tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ohùn á tẹ́jú, á dà bíi pé alfa jókòó síwájú yín gan-an. Ṣùgbọ́n ó ń jò. Ẹni tó bá wà nítòsí á gbọ́ ohun tí ẹ ń gbọ́, máíkì náà á sì gbé e. Tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí ni kẹ́ ẹ lò."

"Ampilifáyà ń kọ́?"

"Kò gba agbára púpọ̀ láti gbé ohùn jáde nínú èyí tó dí yìí, agbára kọ̀ǹpútà yín ti tó o. Tẹ́ ẹ bá lọ fi ampilifáyà ńlá sí i, ṣe lẹ máa máa gbọ́ ṣííì lábẹ́ ọ̀rọ̀ alfa. Ẹ mọ hẹ́dífóònù ná, kẹ́ ẹ tó wá ampilifáyà tó bá a mu."

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ló tà fún un. Nusaybah lò ó, ó rí i pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀pọ̀ ọmọge ló ń yọ́ fún ẹni tó ra nǹkan fún wọn, tiwa yọ́ fún ẹni tó ní kó má rà á.

Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ fẹ́ra, ilé wọn ní Pàkàtà kò kọ́kọ́ gbà. Bàbá rẹ̀, Alfa Habibullah, tó ní ilé-kéwú, ní òun kò lè fa ọmọ òun fún ẹni tó ń ta ohun tí àwọn ọmọ yunifásítì fi ń gbọ́ orin. Oṣù mẹ́jọ ni Sufyan fi ń wá kí i ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Hàjíà Jummai, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ Nusaybah láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ló wá bá wọn pẹ̀tù sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ wà," ó ní.

Alfa gbà, wọ́n dá ọjọ́ yìgì. Lọ́sẹ̀ náà, Nusaybah ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó síwájú máíkì, ó sì bá Sufyan sọ̀rọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́, àfi bíi pé ó fẹnu sí i létí.

"Àkànmú mi, láti ìgbà tí màmá mi ti lọ, kò sẹ́ni tó tún ń pè mí ní Àsàkẹ́. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ ni mo wá yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Tó bá ti ku àwa méjì, Àsàkẹ́ ni kó o máa pè mí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ débi pé ẹ̀rù ń bà mí."

Ó fi ránṣẹ́. Sufyan pè é padà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Àsàkẹ́," ó ní. Nusaybah sunkún ayọ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n so yìgì, Nusaybah wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Tanke lọ́sàn-án Sátidé láti mú káàdì ìpè fún un. Alhaji kan tó ń gbé ní GRA jókòó sídìí káńtà, ó wọ hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ampilifáyà mẹ́ta sì wà níwájú rẹ̀. Sufyan bẹ̀rẹ̀ sídìí wáyà, kò rí ẹni tó wọlé.

"Èyí àkọ́kọ́ yẹn kò gbé e dáadáa," Alhaji ní. "Bọ́ sí èkejì. Kó o wá tún fi Àsàkẹ́ sí i fún mi."

Nusaybah dúró síbi tó wà. Ó rò pé orúkọ olórin kan ni.

"Kún un sí i," Alhaji ní.

Sufyan yí bọ́tìnnì. Ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́, ohùn kan sì ń jò láti ẹ̀yìn hẹ́dífóònù náà. Ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yé ẹni tó sọ ọ́. Alhaji di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọbìnrin yìí," ó ní. "Ibi tó ti mí èémí kó tó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Tó bá ti dé ibẹ̀ ni mo máa ń mọ ampilifáyà tó dáa."

Ó ṣe Nusaybah bíi pé wọ́n tú aṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Ó fi káàdì lé orí káńtà, ìgbà náà ni Sufyan gbójú sókè. Alhaji wo ojú àwọn méjèèjì, ó bọ́ hẹ́dífóònù, ó ní òun ń bọ̀, ó sì jáde.

"Ẹni mélòó ló ti gbọ́ ọ?" Nusaybah bi í.

"Jókòó ná, jọ̀ọ́."

"Ẹni mélòó?"

"Mi ò kà wọ́n." Sufyan nu ojú rẹ̀. "Wallahi, mi ò ní èrò burúkú. Ohùn èèyàn la fi ń mọ èyí tó dáa, mi ò sì ní ohùn kankan tó mọ́ tó tìẹ. Wọn ò mọ̀ ọ́. Orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀."

"Oríkì mi ń kọ́?"

Sufyan nawọ́ mú fóònù rẹ̀.

"Ṣé o fún ẹnì kankan nínú wọn?"

"Àwọn kan ní kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn, kí wọ́n lè máa fi dán tiwọn wò nílé. Màá pa á rẹ́. Wò ó, mo ti ń pa á rẹ́."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ń kọ́?"

Sufyan gbé fóònù náà sílẹ̀. Nusaybah rántí bí ohùn Sufyan ṣe gbọ̀n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò mọ̀ mọ́ bóyá ìfẹ́ ló mú un gbọ̀n, tàbí ohùn tó mọ́. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Nusaybah délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, Sufyan mú bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ ní Pàkàtà. Wọ́n lóṣòó níwájú Alfa, omijé ń dà lójú Sufyan.

"Kò ṣe ṣìná, kò nà ọ́," Hàjíà Jummai sọ fún Nusaybah. "Ohùn lásán ni. Káàdì sì ti jáde. Kí la fẹ́ sọ fún aráyé?"

Alfa Habibullah, tí kò kọ́kọ́ fẹ́ ọmọkùnrin náà rárá, náà wá gbè é lẹ́yìn. "Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹni tó ń foríjini," ó ní. "Ṣé o foríjì í?"

"Mo foríjì í, Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n Sufyan ti ń wí pé Alhamdulillah.

"Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ẹ," Nusaybah ní. "Láti àná ni mo ti ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo lè bá a sọ tó bá ku àwa méjì nínú yàrá, mi ò rí i. Ohunkóhun tó bá ti wá sí mi lẹ́nu, mo kọ́kọ́ ń rò bó ṣe máa rí létí àlejò."

Alfa wo ọmọ rẹ̀ títí, ó wá yíjú sí bàbá Sufyan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú ọmọ yín lọ," ó ní.

Nusaybah sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Nígbà tó padà wọlé, Hàjíà Jummai gbá a mọ́ra, ó ní kó ké tó bá fẹ́ ké, ilé rẹ̀ ló wà. Nusaybah gbé orí lé e láyà, ó sunkún títí aṣọ Hàjíà fi tutù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde.