Ìyá Á-tó àti Oògùn Tó Gé sí Méjì

"Á tó." Ohun tí obìnrin télọ̀ kan ládùúgbò wa máa ń sọ nìyẹn. Bí o bá gbé aṣọ kékeré wá, tí o sì ń fẹ́ gáùn tó balẹ̀, yóò tẹ́ ẹ sórí tábìlì, yóò yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò ní, "Á tó." Ó sì máa ń tó lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Á-tó nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìrora kan mú un ní ìbàdí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún tó fi ń tẹ máṣíìnì. Dókítà kọ oògùn ìrora fún un, ẹyọ kan láràárọ̀. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ó ń rán aṣọ, ó sì ń rí oorun sùn. Àmọ́ oògùn náà wọ́n bí ojú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kíyè sí i pé òun kò gbọ́ ariwo máṣíìnì mọ́. Ó yọjú. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé orí lé aṣọ tó ń rán.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé oorun nìyẹn?"

Kò dáhùn. Ọkọ gbọ̀n ọ́n léjìká. Ó la ojú díẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò já geere, ó tún pa ojú dé. Mímí rẹ̀ ń falẹ̀ jù. Ọkọ kò dúró nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e wọ ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Orí kó wọn yọ, wọ́n débẹ̀ lásìkò.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là dáadáa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ apòògùn ilé ìwòsàn náà wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ kú ewu, Mà. Ẹ jẹ́ kí n rí oògùn tí ẹ ń lò."

Ọkọ na ike oògùn sí i. Apòògùn dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ sí méjì-méjì, ó dọ́gba bí ẹni pé wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni. Sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé ojú bọ́tìnnì ni mo fi gé e. Mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ o."

"Kò sí ohun tí kì í gé," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ bá mi dúpẹ́ pé kò tíì gé èmi."

"Kí ni n óò gé lára yín? Ẹ kò tó ààbọ̀ ọ̀pá."

Apòògùn rẹ́rìn-ín, ó sì bi í bó ṣe lò ó.

"Mo ní ààbọ̀ á tó mi láàárọ̀, kí oògùn náà lè pẹ́ nílé. Ó tètè ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀sán, ìrora ti padà. Mo lo ààbọ̀ kejì. Nígbà tí n kò tètè rí ìtura, mo fi òmíràn lé e. Ibẹ̀ ni mo mọ̀ mọ."

"Mà, wọ́n ṣe oògùn yìí kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Tí ẹ bá ti gé e, kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́. Èyí tó yẹ kó tọ́jọ́ á ya wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ń pa ìrora ló ń mú kí mímí falẹ̀. Èèyàn lè sùn kó má jí."

Ìyá Á-tó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó dáa. N kò ní lò ó mọ́."

"Ẹsẹ̀ wo lo máa fi tẹ máṣíìnì?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

Apòògùn dá sí i.

"Ẹ má dá a dúró fúnra yín, Mà. Ṣé ẹ sọ fún dókítà pé ó wọ́n jù fún yín?"

"Hà, ọmọ mi. Èrò ń dúró lẹ́yìn mi, dókítà ń kọ̀wé lọ. Ṣé ibẹ̀ ni n óò ti máa sọ pé n kò lówó?"

"Ibẹ̀ gan-an ni. Tí oníbàárà kò bá jẹ́ kí ẹ mọ bí aṣọ rẹ̀ ṣe tó, ṣé ẹ lè bá a dá ọgbọ́n sí i?"

"Rárá o."

Apòògùn dìde, ó lọ pe dókítà wá. Dókítà kò bínú. "Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan sọ ọ́ ni mo kọ fún yín," ni ó wí. "Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe oògùn kan náà, tiwọn sì dínwó. Tí ara yín bá ti balẹ̀, orúkọ oògùn náà gan-an ni n óò kọ."

"Ẹ sì lè ra ti ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́ẹ̀kan," ni apòògùn fi kún un. Ó mú ọkọ lọ sí ọ́fíìsì tó ń ran àwọn tí owó oògùn wọ̀ lọ́rùn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ ti mọ̀ pé ètò ìlera ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe gba ìyàwó mọ́ ọkọ.

"Wọ́n ní àwọn sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́," ni ó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ ti sùn lọ nígbà yẹn," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Kí wọ́n tó lọ sílé, Ìyá Á-tó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú tó máa ń há sí ọrùn aṣọ rẹ̀. "Ọmọ mi, ẹnu àpò kóòtù rẹ ti tú. Bọ́ ọ wá. Oore tí o ṣe mi kò ṣe é san, ṣùgbọ́n èyí ni ọwọ́ mi mọ̀."

"Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé nǹkan kan lára rẹ̀."

Lónìí, odindi ni oògùn rẹ̀ wà nínú ike, ó jìnnà sí sísọ́ọ̀sì. Bí oníbàárà bá sì ní òun ń pín oògùn òun lò kó lè tó, Ìyá Á-tó á dá máṣíìnì dúró. "Aṣọ ni mo máa ń sọ pé á tó," ni yóò wí. "Tó bá jẹ́ owó oògùn, lọ sọ fún dókítà pé kò tó."

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn tiwa náà nìyẹn. Ẹ má gé oògùn ìrora, ẹ má sì lọ̀ ọ́, láì bi apòògùn. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń kiri, ẹ má sì yá ti aládùúgbò lò. Ẹ béèrè bóyá irú rẹ̀ tó dínwó wà, ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ilé oògùn tó níwèé àṣẹ ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ sì wádìí ètò ìlera tó lè bá yín gbé e. Bí ẹni tó ń lò ó bá sùn tí kò ṣe é jí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ bí agbára yín ṣe mọ. Ìyá Á-tó sọ tirẹ̀, ó sì wà nídìí máṣíìnì rẹ̀ lónìí.